Ọwọ́ Fúyẹ́, Irin Mú

Irin tó mú kì í dunni tó irin tó kújú. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù àga dókítà eyín lè rò pé àwàdà ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó ń fọ eyín fún ará ìlú gbára lé láti àárọ̀ títí di ọ̀sán nìyẹn. Èérí tó ti gan mọ́ eyín, irin tó mú á kọ́ ọ nídìí, á sì ṣí i kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ti kújú á kàn máa yọ̀ lórí rẹ̀ ni. Ẹni tó dì í mú á wá máa tẹ̀ ẹ́, á máa pààrà ojú kan náà, títí irin á fi yẹ̀ tí á já wọ inú èrìgì. Ìgbà yẹn lẹni tó wà lórí àga á fò sókè. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ọwọ́ ẹnì kan fúyẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, ẹ bèèrè ìgbà tó pọ́n irin rẹ̀ kẹ́yìn.

Ilé ìwòsàn ìjọba kan n'Íbàdàn ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń pè é ní dókítà, àwọn mìíràn ń pè é ní nọ́ọ̀sì, ó sì ń dá gbogbo wọn lóhùn bákan náà. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Dental therapist ni orúkọ irú wọn nínú ìwé ìjọba, iṣẹ́ tó sì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Enugu ni. Iṣẹ́ ìfọyín fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. Alfred Fones, dókítà eyín kan ní Bridgeport, ní ìpínlẹ̀ Connecticut l'Amẹ́ríkà, ló kọ́ ìbátan rẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́, Irene Newman, bí wọ́n ṣe ń ha eyín mọ́ ní 1906. Nígbà tó di 1913, ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn obìnrin tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa rí eyín kí ó tó bàjẹ́, dípò kí wọ́n jókòó de ẹni tó gbá ẹ̀kẹ́ mú wọlé pé kí wọ́n bá òun yọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí mo wà níbẹ̀, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà ló kan. Ohun tí obìnrin náà kọ́kọ́ ṣe kò ní irin nínú. Ó fa àga rẹ̀ sílẹ̀ kí ojú òun àti ti ìyá náà lè dọ́gba, ó yọ ìbòmú, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Àtọ̀gbẹ ńkọ́? Oògùn wo lẹ̀ ń lò báyìí?" Ìyá náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, òun sì ti lo oògùn òun láàárọ̀. Obìnrin náà kò fi mọ síbẹ̀, ó ní kí ìyá náà yọ sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn ọ̀hún nínú báàgì. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó lè mú èrìgì wú. Amlodipine àti nifedipine wà lára wọn. Àtọ̀gbẹ náà kì í jẹ́ kí èrìgì tètè san, èrìgì tí kò sì san kì í jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rọrùn láti kápá. Ẹni tí wọ́n fi fáàfù àtọwọ́dá sí lọ́kàn, oògùn kan wà tó gbọ́dọ̀ lò kí ẹnikẹ́ni tó fi irin kan èrìgì rẹ̀. Ìbéèrè wọ̀nyẹn tí àwa máa ń fi ìkánjú dáhùn, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo rò pé ó ṣiṣẹ́ ju abẹ́rẹ́ lọ. "Ìyá mi, bí nǹkan bá dùn yín, ẹ ṣáà na ọwọ́ òsì sókè. Kíá ni màá dúró." Ọwọ́ òsì ni, torí apá ọ̀tún ni òun jókòó sí, kò sì fẹ́ kí ọwọ́ kankan gbá irin lẹ́nu. Ìyá náà dán an wò lójú ẹsẹ̀. Irin ò tíì dé ètè rẹ̀ tó fi na ọwọ́. Obìnrin náà gbé ọwọ́ tirẹ̀ kúrò, ó dúró. "Ẹ ń dán mi wò ni, àbí?" Àwa tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, èjìká ìyá náà sì sọ̀ kalẹ̀ kúrò létí rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò ṣe, mo sì kà á mọ́ ìmọ̀ iṣẹ́. Kò bá a wí. Ẹnu tí wọ́n ṣí níwájú rẹ̀ yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fọ dáadáa, ó hàn sí mi láti ibi tí mo jókòó. Mo mọ ibi tí wọ́n ti máa ń pariwo mọ́ aláìsàn bí ẹni bá ọmọdé wí: "Ẹ kì í fọ ẹnu yín ni?" Ẹni tí wọ́n bá dójú tì báyẹn, ọdún mẹ́wàá lè kọjá kó tó padà wá.

Irin àkọ́kọ́ tó wọ ẹnu kò ha nǹkan kan. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, orí rẹ̀ rí roboto, wọ́n fín ìlà mìlímítà sí i lára. Ó ń tì í bọ àárín eyín àti èrìgì, ó ń rìn ín yíká, ojú mẹ́fà lára eyín kan ṣoṣo, ó sì ń pe nọ́ńbà fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Méjì, méjì, mẹ́ta. Mẹ́ta, méjì, márùn-ún." Níbi tí èrìgì bá ti dá ṣáṣá, mìlímítà 1 sí 3 ni ọ̀pá náà máa ń wọlé. Bí ó bá ti di 4 sókè, èrìgì ti ń jáwọ́ lára eyín nìyẹn, àpò ti ń ṣí, egungun tó di eyín mú sì lè ti máa jẹ lábẹ́ ilẹ̀ láìdun ẹni tó ni ín. Agbára tí wọ́n fi ń ti ọ̀pá yìí kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n nǹkan bíi gíráàmù 25 lọ. Ọ̀nà kan tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń mọ ìwọ̀n yẹn ni kó ti orí ọ̀pá náà bọ abẹ́ èékánná ara rẹ̀. Bó bá dùn ún, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wúwo nìyẹn.

Ẹ̀yìn eyín iwájú ti ìsàlẹ̀ ni èérí pọ̀ sí jù lẹ́nu ìyá náà, àti ẹ̀gbẹ́ ìta àwọn eyín ńlá tòkè. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ nìkan. Ihò tí itọ́ ń gbà wọ ẹnu wà nítòsí ibi méjèèjì, kálísíọ́mù sì wà nínú itọ́. Èérí rírọ̀ tó bá jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ láìsí ẹni tó gbá a kúrò, itọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di òkúta. Tó bá ti di òkúta, búrọ́ọ̀ṣì ò lè ṣí i, orín ò lè ṣí i, ọṣẹ ìfọyín kankan ò sì lè ṣí i, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Òkúta yẹn á wá di ibùgbé fún èérí tuntun, tó fẹ̀yìn ti èrìgì tọ̀sán-tòru.

Bí èrìgì ṣe ń yára bàjẹ́, àti bó ṣe ń yára san, Harald Löe àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Aarhus, ní Denmark, fi hàn nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1965. Èèyàn 12 tí èrìgì wọn dá ṣáṣá ni wọ́n ní kó má fọ ẹnu mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ eyín ló sì pọ̀ jù nínú wọn, èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ti wú. Nígbà tí wọ́n padà sídìí fífọ ẹnu, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ló gbà kí ara èrìgì tó balẹ̀. Èrìgì kì í di ẹni sínú. Egungun tó bá ti jẹ lọ nìkan ni kì í padà bọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rọ ni obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ ìfọ̀. Orí irin ẹ̀rọ náà ń gbọ̀n ní ìgbà tó lé ní 25,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, omi sì ń tú sí i lórí kí ó má baà gbóná. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò á fi ṣóńṣó rẹ̀ gún eyín. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ irin náà ló fi ń pa eyín lára, kò sì jẹ́ kó dúró lójú kan rí; ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ tirẹ̀ kàn ń fọ̀nà hàn án ni. Nígbà tó dé ẹ̀yìn eyín iwájú ti ìsàlẹ̀, níbi tí gbòǹgbò ti yọ síta díẹ̀, ó dín agbára ẹ̀rọ kù kí ìyá náà tó ronú àtina ọwọ́ sókè.

Omi yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù ju irin lọ. Wọ́n á ní ó fẹ́ rì àwọn. "Ẹ fi imú mí, ìyá mi, ẹ má gbé e mì." Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ na ọ̀pá tó ń fa itọ́ sí igun ẹnu. Ṣùgbọ́n ohun tí mo tẹjú mọ́ ni pé obìnrin náà kì í wo eyín nìkan. Ó ń wo ọ̀fun. Bí ọ̀fun bá ti gbéra díẹ̀, kí ìyá náà tó mọ̀ pé òun fẹ́ gbé nǹkan mì, irin ti kúrò lẹ́nu. Á jẹ́ kó gbé e mì, á padà síbi tó ti kúrò. Kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ìyá náà ò sì fura.

Iná lọ. N'Íbàdàn, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Bí jẹnẹrétọ̀ bá máa gbé ibì kan, ibi iṣẹ́ abẹ àti yàrá ìgbẹ̀bí ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé. Ẹ̀rọ dákẹ́, omi dákẹ́. Obìnrin náà so iná tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí, ó yí àga sí ojú fèrèsé, ó ṣí ìdìpọ̀ irin kan. Ohun tí mo wá wò gan-an ló bẹ̀rẹ̀ yẹn, torí ẹ̀rọ kì í parí iṣẹ́ yìí. Irin ọwọ́ ló ń parí rẹ̀, iná ì báà wà tàbí kó má sí.

Ìka mẹ́ta ló fi di irin náà mú. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá wà lórí èèkù rẹ̀, ìka àárín sì fara ti ọrùn irin, kí ó lè máa gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n. Ìka òrùka gúnlẹ̀ lórí eyín kan nítòsí, kò sì kúrò níbẹ̀. Bí ìyá náà bá mi orí lójijì, ọwọ́ á bá orí lọ, irin ò ní ṣáko. Mo ti rí àwọn tó ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́ tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìka kan á dúró lára igbá kí ọ̀bẹ tó rìn.

Ó ti ojú irin bọ abẹ́ èrìgì pẹrẹsẹ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara eyín kí ó má baà ha ẹran, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí dé ìdí èérí. Nígbà tó débẹ̀ ló yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀ báyìí, ojú irin sì dìde sí eyín ní nǹkan bíi dígírì 70 sí 80. Bí ó bá kéré sí 45, irin á yọ̀ lórí èérí, á kàn máa dán an. Bí ó bá kọjá 90, ẹran èrìgì ni yóò máa ha. Lẹ́yìn náà ló fà á sókè, fífà tí kò gùn ju mìlímítà méjì-mẹ́ta lọ. Àwọn ìka rẹ̀ ò kákò. Ọrùn ọwọ́ àti apá ló fà á. Mo gbọ́ ọ, "kà!", nǹkan kan sì bọ́ sórí owú. Ó dúdú, kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Èérí òkè èrìgì ni wọ́n máa ń rí ní pupa-rúsúrúsú. Èyí tó bá ti abẹ́ èrìgì wá, dúdú ló sábà máa ń jẹ́.

Ó wá mú irin mìíràn tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó fi tọ ojú ibẹ̀ wò. Ojú rẹ̀ kò sí lẹ́nu ìyá náà mọ́. Ògiri ló ń wò. Abẹ́ èrìgì ò ṣeé rí, iná tọ́ọ̀ṣì ò sì dé ibẹ̀, orí ìka nìkan ló lè sọ bóyá gbòǹgbò ti ń dán tàbí ó ṣì ń ṣe kúrúkúrú. Ó tọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó padà sórí irin tó mú, ó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí i, ó tọ ọ́ wò. Ó mi orí. Ó kọjá sí eyín kejì. Mo gbà pé ẹni tó bá mọ ìgbà tó yẹ kí òun ṣíwọ́ ló mọ iṣẹ́ yìí, nítorí gbòǹgbò eyín kì í ṣe irin, bí wọ́n bá ń ha á lásán á máa tán lọ.

Irin tó lò yẹn ń jẹ́ Gracey, orúkọ Clayton Gracey, dókítà eyín ní Michigan, tó ṣètò rẹ̀ pẹ̀lú Hugo Friedman, ẹni tó ń rọ irin iṣẹ́ eyín ní Chicago, láàárín 1930 sí 1949. Irin ti tẹ́lẹ̀ mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ti Gracey, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń lò, wọ́n sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èyí tó kọjú sí ẹran má baà gé e. Nọ́ńbà wà lára wọn: 1 àti 2 fún eyín iwájú, 11 àti 12 fún ojú eyín ẹ̀yìn tó kọjú síwájú, 13 àti 14 fún èyí tó kọjú sẹ́yìn. Lẹ́nu ìyá yẹn, obìnrin náà pààrọ̀ irin léraléra, kò fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì kí ó lè tètè tán. Láàárín méjì, á gbé ojú irin sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ojú tó ti kú á tan yanran bí ìlà funfun. Ojú tó mú kì í tan. Èyí tó bá tan, á yà á sọ́tọ̀ fún òkúta ìpọ́n, láti ibẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi pa kòkòrò ní dígírì 121 fún ìṣẹ́jú 15, kí ó tó tún kan ẹnu ẹlòmíràn.

Ìdí eyín ńlá kan ní apá òsì ìsàlẹ̀, níbi tó ti pe "márùn-ún", ni ìyá náà ti na ọwọ́ ní tòótọ́. Irin kúrò kí ọwọ́ tó dé òkè. Obìnrin náà kò ní "Ẹ fara dà á díẹ̀." Ó fi owú pa jẹ́ẹ̀lì lignocaine sí èrìgì, ó sì dúró títí ó fi mú un. Ó ní bí ó bá tún dùn, dókítà á fún un ní abẹ́rẹ́, tàbí kó padà wá kí wọ́n ṣe apá kan lọ́tọ̀. "Kò sẹ́ni tó ń lé wa, ìyá mi." (Èèyàn tó wà níta nígbà yẹn ti kún dé ẹnu ọ̀nà.) Ìyá náà kò na ọwọ́ mọ́.

Iná padà dé, wọ́n fi rọ́bà kékeré àti ìpara dán eyín náà. Ibẹ̀ ni aláìsàn máa ń gbádùn jù, torí ó ń rí dídán rẹ̀ nínú dígí. Lójú tèmi, òun ló kéré jù nínú iṣẹ́ náà.

Nínú dígí yẹn ni ariwo ti bẹ́. "Dókítà! Àlàfo ti wà níbí! Ẹ ti ba eyín mi jẹ́!" Ẹ̀sùn yìí wọ́pọ̀ lórí ìfọyín nílẹ̀ wa, ẹni tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bá ti sọ ọ́ fún kì í fẹ́ débẹ̀ mọ́. Obìnrin náà tún jókòó. "Àlàfo yẹn ti wà tipẹ́, ìyá mi. Èérí ló dí i." Ó gbé owú sún mọ́ ọn, ó fi òkúta dúdú wọ̀nyẹn hàn án. Ó ní èrìgì tó wú náà máa fà padà bí ó ti ń san, àlàfo ọ̀hún lè tún hàn sí i. Omi tútù lè máa ta eyín fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó lo ọṣẹ ìfọyín tó ní potassium nitrate, kí ó sì fún un ní bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tí eyín rẹ̀ máa ń ta tẹ́lẹ̀, ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú ọṣẹ yẹn kí ọjọ́ ìfọyín tó pé. Bí ó bá rí ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì lálẹ́, kó má sá fún ibẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni kó fọ.

Kò ní kí ìyá náà ju orín nù, inú mi sì dùn sí i. Àwọn onímọ̀ ti ń yẹ orín ilẹ̀ wa wò láti àwọn ọdún 1970, wọ́n sì rí i pé omi àwọn kan lára wọn ń dá kòkòrò dúró. Ọ̀nà tí a gbà ń rún un ló níṣòro: iwájú la máa ń rún, à ń fà á lọ fà á bọ̀, ẹ̀yìn eyín tó kọjú sí ahọ́n ò sì rí nǹkan kan. Obìnrin náà ní kó rún orí rẹ̀ títí tí yóò fi rọ̀, kí ó máa fà á láti èrìgì sí orí eyín, kí ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ṣe ti ẹ̀yìn. Kí ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 45, kí irun rẹ̀ wọ ẹnu èrìgì díẹ̀, kí ó máa gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́. Charles Bass, dókítà ní New Orleans, ló gbé ọ̀nà yẹn kalẹ̀ ní nǹkan bí 1948, òun ṣì ni wọ́n fi ń kọ́ni. Àárín eyín, búrọ́ọ̀ṣì ò dé ibẹ̀. Òwú ìfọyín tàbí búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń wọ àlàfo ló ń ṣe é. Igi ìtayín tí a ń mú lọ́wọ́ ní òde àríyá, ẹran tó há ló wà fún.

Ẹni tí èrìgì rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kó má dúró de ìrora, torí èrìgì lè bàjẹ́ dé egungun láìdunni. Ẹni tó ń mu sìgá ní láti tètè lọ ju gbogbo wa lọ. Sìgá máa ń bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ jẹun díẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fọ ẹnu, ẹ mú oògùn tí ẹ ń lò dání, kí ẹ sì sọ ibi tó ń ta yín kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹni tó fẹ́ fọ ọ́ kò bá sọ ohun tí ẹ máa ṣe tó bá dùn yín, ẹ̀yin ni kí ẹ bi í.